Ta Ni Ó Gbẹ́ Ère Èsìẹ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mo pa á nínú ọkọ̀, ní ojú ọ̀nà Òmù-Àrán; nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, òtítọ́ ti bá a. Àwọn ọmọ kékeré mẹ́ta ni mo pa á fún, èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè ní Yunifásítì, tí àwọn olùkọ́ mi kì í sì í sinmi láti máa kìlọ̀ fún pé kí n má ṣe fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ mi kò tó ẹ̀rí rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kì í ṣe nítorí pé irọ́ náà tóbi, bí kò ṣe nítorí pé irú rẹ̀ wọ́pọ̀ láàrin àwa tí a ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti àṣà Yorùbá.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ kíkankíkan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti kí ìyá wa ní Òmù-Àrán. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n: obìnrin ni àgbà, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin ni ó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún méje, àbíkẹ́yìn, tí òun náà jẹ́ obìnrin, kò tíì pé ọdún márùn-ún. Mo dúró dè wọ́n ní Ìlọrin, mo sì bá wọn wọ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ojú àwọn ọmọ náà kò dùn. Etí òkun ni bàbá wọn ti kọ́kọ́ ṣèlérí fún wọn. Ó ní òun yóò mú wọn lọ sí Badagry, kí wọ́n rí òkun, kí wọ́n sì rí àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ó di pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń lọ, tí òjò kò sì dáwọ́ dúró láti Ìbàdàn títí dé Ìlọrin, ọkùnrin wọn bi mí léèrè pé:

“Bùrọ̀dá, ṣé òkun wà ní Òmù-Àrán?”

Mo ní kò sí.

“Kí ni ó wá wà níbẹ̀?”

Ìbéèrè yìí gún mi lára ju bí ọmọ náà ti rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àwa Ìgbómìnà jẹ́ ènìyàn tí a pín sí méjì. Nígbà tí Òyìnbó gba ilẹ̀ yìí, wọ́n fa ilà gba àárín wa kọjá: Ìlá Òràngún bọ́ sí ìhà Gúúsù, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òrò, Èsìẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Títí di òní yìí, Ìlá wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní 1991, àwọn tí mo dárúkọ tẹ̀ lé e sì wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Nítorí èyí, kò sí ọdún kan tí mo lò ní Yunifásítì tí ẹnìkan kò bi mí pé, “Ará Àríwá, ṣé Yorùbá náà ni yín?” Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀, ẹ̀rín ni èmi náà fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í tán nínú mi. Ẹni tí a bá ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo yóò máa wá ohun tí yóò fi yangàn kiri.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà bi mí ní ohun tí ó wà ní ilẹ̀ wa, mo gbéra sọ. Mo kọ́kọ́ sọ ìtàn orúkọ wa fún wọn: pé Òràngún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Odùduwà, gba ogbó, tí í ṣe àdá ọlá, lọ́wọ́ baba rẹ̀, pé ogbó yìí ni ó ń fi la igbó, tí kò sì jẹ́ kí ó ṣìnà, pé nítorí pé ogbó náà mọ ọ̀nà ni a fi ń pè wá ní Ìgbómìnà. Èyí kì í ṣe irọ́. Bí àwọn baba wa ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀ pé irú ìtumọ̀ orúkọ báyìí máa ń dùn létí ju bí ó ti ń jẹ́ ẹ̀rí lọ. Ìgbà tí mo kúrò lórí orúkọ ni mo ṣubú. Mo ní:

“Ohun tí mo máa fi hàn yín lọ́la ju òkun lọ. Ọba kan wà ní Èsìẹ́ tí ó fi òkúta ṣe ara. Ó jókòó láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì lé ní ẹgbẹ̀rún, òkúta ni gbogbo wọn.”

Ọmọkùnrin náà la ẹnu sílẹ̀. “Ta ni ó ṣe wọ́n?”

Mo dáhùn láìronú pé, “Àwọn baba wa ni. Àwọn baba tìrẹ gan-an, àwọn Ìgbómìnà, ni ó gbẹ́ wọn.”

Bí ojú ọmọ náà ti dán nìyẹn. Títí a fi kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òrò, tí a sì fi dé Òmù-Àrán lóru, kò sọ̀rọ̀ òkun mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òjò tún ṣú. Ìyá wa ní kí a má jáde, pé òjò Ìgbómìnà kì í mọ àlejò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wọ bàtà tán. A wọ ọkọ̀, a sì padà lọ sí Èsìẹ́, nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ilé tí wọ́n kó àwọn ère náà sí, èyí tí a ń pè ní mùsíọ́mù, kò sí ní àárín ìlú. Ẹ̀yìn ìlú ni ó wà, ní ibi tí a ti bá àwọn ère náà nínú igbó. Ilẹ̀ pupa ń yọ̀, omi ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sì gbé àbíkẹ́yìn sí èjìká. Bàbá kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pàdé wa ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kú òjò o. Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé kíákíá.” Bí a ti wọlé ni òjò náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, ó ń lu òrùlé tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Òjò yìí ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Bí kò bá sí òun ni, à bá wò fìrí, a bá sì máa lọ. Òun ni ó há wa mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ère náà fún wákàtí mẹ́ta.

Ẹni tí kò bá tíì rí ère Èsìẹ́ rí, kí ó má ṣe fi ojú ère igi wò ó. Òkúta rírọ̀ kan ni a fi gbẹ́ wọn, irú èyí tí ọ̀bẹ lè gé, tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni pé a fi ọṣẹ pa á. Nítorí èyí ni àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní òkúta ọṣẹ. Àwọn kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gíga wọn kò ju ìwọ̀n ìka mẹ́rìnlá lórí rúlà, ìyẹn 14 sẹ̀ǹtímítà; àwọn mìíràn ga ju mítà kan lọ. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin sì wà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jókòó lórí àpótí. Òmíràn gbé ọwọ́ lé orúnkún, òmíràn gbé idà lé èjìká, àwọn mìíràn mú ohun èlò orin lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ọrùn àti ọwọ́ wọn. Irun wọn sì nìyẹn! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ó mọ irun dì, dúró níwájú ère obìnrin kan fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń fi ìka tọ ipa irun náà nínú afẹ́fẹ́ láìfọwọ́ kàn án, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilà wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ojú wọn yọ díẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ń dúró de ẹnìkan tí ó ti pẹ́ kí ó tó dé.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ rí yàtọ̀ sí ohun tí èmi rí. Àbíkẹ́yìn fi ojú pamọ́ sí ọrùn mi, ó ní, “Wọ́n ń wò mí.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ní, “Bùrọ̀dá, kí ni ó dé tí orí wọn fi kúrò lọ́rùn?” Òtítọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ère náà ni ó ti ṣẹ́ ní ọrùn. Ara wà láìsí orí, orí wà láìsí ara.

Bàbá náà kó wa jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ìlú náà. Ó ní àwọn ère wọ̀nyí ti jẹ́ ènìyàn nígbà kan rí. Àlejò ni wọ́n, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, wọ́n sì wọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọba wọn àti gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìwà wọn kò dára, ni a bá sọ wọ́n di òkúta ní ibi tí wọ́n jókòó sí. Ó ní nígbà tí àwọn baba ńlá Èsìẹ́ ṣí láti ìhà Ọ̀yọ́ Ilé wá, ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọ́n ni ó kọ́kọ́ rí wọn nínú igbó. Ó rò pé ènìyàn ni wọ́n, ẹ̀rù sì bà á. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n. Ère kan wà láàrin wọn tí wọ́n ń pè ní Ọba Ère. Àwòrò ní ń bójú tó o, ọdọọdún sì ni wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Àwọn tí ń wá ọmọ a máa wá síbẹ̀ láti tọrọ.

Nígbà náà ni ọmọkùnrin wa dìde dúró. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí mi, ó sì bi bàbá náà pé:

“Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé àwọn baba Bùrọ̀dá wa ni ó gbẹ́ wọn?”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò fẹ́ dójú tì mí níwájú àwọn ọmọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, àwa ará Èsìẹ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. A bá wọn níbí ni.”

“Bùrọ̀dá, irọ́ ni ẹ pa nìyẹn,” ni ọmọ náà wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìgbúnwọ́ gún un pé kí ó dákẹ́, ìyá rẹ̀ sì bá a wí pé a kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbà. Ṣùgbọ́n kí ni mo lè wí? Òjò ń rọ̀, kò sí ibi tí mo lè sá gbà.

“A bá wọn níbí ni.” Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo gbólóhùn yìí, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí a ti kọ nípa ère Èsìẹ́, n kò tíì rí èyí tí ó ní òtítọ́ ju òun lọ.

Ní 1933 ni ìròyìn àwọn ère náà kọ́kọ́ dé etí ìjọba Òyìnbó láti ọwọ́ H. G. Ramshaw, ẹni tí ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. wò. Àwọn ìwé kan a máa sọ pé òun ni ó “ṣàwárí” wọn, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n ti ń bọ wọ́n láti ìran dé ìran kò ní ojú. Ní 1938, J. D. Clarke kọ̀wé nípa wọn, ẹni tí ó ti kọ ìwé kan ní ọdún tí ó ṣáájú nípa ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń dán wò ní Òmù. Kenneth Murray, tí ìjọba fi ṣe olùbójútó àwọn ohun àtijọ́ ní 1943, ṣe àkọsílẹ̀ lórí àwọn ère náà àti ọdún wọn. Ní 1945, a dá mùsíọ́mù sílẹ̀ ní Èsìẹ́. Kí gbogbo ẹni tí ó bá tún bi mí pé “kí ni ó wà ní ilẹ̀ yín” gbọ́ èyí: òun ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kò tíì sí ní Èkó, kò tíì sí ní Ifẹ̀, nígbà tí ó ti wà ní Èsìẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, wá gbé ní ibẹ̀ ní àárín ọdún 1960 sí 1970. Ó ka àwọn ère náà, ó ya àwòrán wọn, ó sì ṣe ìwé ńlá kan nípa wọn, èyí tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1978.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n lo ọgbọ́n kan tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń mọ ìgbà tí iná sun amọ̀ gbẹ̀yìn, wọ́n sì fi í yẹ amọ̀ sísun tí a rí ní ọ̀dọ̀ àwọn ère náà wò. Ohun tí ó fi hàn tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Bí a bá gba èyí gbọ́, tí a sì gba ìtàn àwọn ará Èsìẹ́ gbọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni àwọn baba wọn tẹ ìlú dó, a ó rí i pé àwọn ère náà ti lò ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ kí ọdẹ náà tó rí wọn. Ta ni ó wá gbẹ́ wọn? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wo Ifẹ̀, àwọn kan wo Ọ̀yọ́, àwọn kan sì wo Núpé. Olúkúlùkù ní ohun tí ó dì mú: ilà ojú, irun, àpótí, ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí èyí tí ó tíì fi ẹ̀rí pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Ohun tí a lè sọ láìbẹ̀rù ni pé àwọn tí ó gbẹ́ wọn mọ ohun tí ọba í ṣe, wọ́n mọ ológun àti olórin, wọ́n ní àwọn obìnrin tí idà ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní oníṣọ̀nà tí ó pọ̀ tó láti ṣe ẹgbẹ̀rún ère. Ìlú ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìsọ̀ǹgbè.

Níbí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ronú. Àìsàn méjì ni ó ń bá ẹni tí ń kọ ìtàn jà. Èkíní ni kí ó wo iṣẹ́ tí ó dára ní ilẹ̀ ẹlòmíràn, kí ó sì ní kò lè jẹ́ tiwọn. A mọ ìyẹn dáadáa. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ tí ó jọ ènìyàn gidi. Dípò kí ó wo àwọn tí ó dúró yí i ká, ó ní àwọn ará Gíríìkì láti ilẹ̀ Atlantis tí òkun bò mọ́lẹ̀ ni ó ṣe wọ́n. Nígbà tí àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sì hú àwọn orí mìíràn jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ohùn àwọn oníyèméjì bẹ̀rẹ̀ sí rẹlẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ṣe sí àwọn ògiri òkúta ńlá ti Zimbabwe. Wọ́n ní àwọn ará Fòníṣíà ni ó kọ́ ọ, wọ́n ní ilé ayaba Ṣébà ni. Randall-MacIver lọ hú ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1905, ó ní iṣẹ́ ọmọ Áfíríkà ni. Gertrude Caton-Thompson tún lọ ní 1929, ó sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀rí tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun tí ń ṣàkóso ibẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí pé bí wọ́n bá gbà á, wọn yóò ní láti dáhùn ìbéèrè mìíràn nípa ẹni tí ó ni ilẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní 1980, orúkọ àwọn ògiri náà ni wọ́n fi sọ ara wọn.

A mọ àìsàn yìí, a sì ń bú àwọn tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n èkejì ń kọ́? Àìsàn kejì ni kí a rí iṣẹ́ tí ó dára nítòsí ilé wa, kí a sì ní tiwa ni dandan. Òun ni ó ń ṣe mí nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. N kò wo ère kan, n kò ṣí ìwé kan, n kò bi ará Èsìẹ́ kan léèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni mo sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Frobenius fẹ́ Gíríìkì, ó rí Gíríìkì. Èmi fẹ́ baba mi, mo rí baba mi. Ibo ni ìyàtọ̀ wà? Ẹnìkan lè sọ pé ti Frobenius burú jù, nítorí pé ó fi gba ti ọlọ́hun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà gba ti ọlọ́hun: mo gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó gbẹ́ wọn ní tòótọ́, àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, tí kò sì sí ẹni tí yóò gbèjà wọn nínú ọkọ̀ wa. Òkú kò lè wí pé “Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ẹ wá wo ìwà àwọn ará Èsìẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ta ni ì bá ti dá wọn lẹ́bi bí wọ́n bá sọ pé àwọn baba wọn ni ó gbẹ́ ère náà? Inú igbó wọn ni a ti rí i, ọwọ́ wọn ni ó wà, àwọn ni wọ́n ń bọ ọ́. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìran dé ìran ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé àlejò ni àwọn ère wọ̀nyí. Bóyá a kò ní gbà pé ènìyàn lè di òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí pé ẹnu àgbà ni ìtàn náà ti wá kí ẹ sọ ọ́ nù. Nínú èèpo rẹ̀ ni òtítọ́ tí ìwé wá rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún wà: pé àwọn tí ó gbẹ́ ère náà ti wà kí Èsìẹ́ tó wà, pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn tí kò ka ìwé pa ẹ̀rí mọ́ fún wa. Èmi tí mo ka ìwé fẹ́ bà á jẹ́ nínú ọkọ̀.

Wọn kò sì tìtorí pé kì í ṣe tiwọn kí wọ́n jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé títẹ̀dó wọn, ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Ìgbómìnà sinmi. Ìlọrin wá, Núpé wá, Ìbàdàn wá. Ọ̀pọ̀ ìlú fọ́, a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú, ahoro sì pọ̀ káàkiri igbó wa títí di òní. Nígbà tí ogun parí, àwọn ère náà ṣì wà, àwọn tí ń bọ wọ́n ṣì wà. Bí Èsìẹ́ bá ti fi wọ́n sílẹ̀, ta ni ì bá fi wọ́n han Ramshaw? Kí ni à bá kó sínú mùsíọ́mù ní 1945?

Òjò dá ní nǹkan bí agogo méjì. Kí a tó jáde, àbíkẹ́yìn wa, ẹni tí ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀, lọ dúró níwájú ère kékeré kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà bá ère náà dáhùn, ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa jókòó yí ìyá wa ká. Àwọn ọmọ ń jà sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ròyìn. Ọkùnrin wọn ni ó borí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ mi. Mo bẹ ìyá wa pé kí ó má bínú, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé mo ṣìwí; pé mo fẹ́ kí ilé wa wù wọ́n ni mo ṣe sọ ohun tí n kò mọ̀. Ìyá wa dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní:

“Ẹni tí ó rí ọmọ he, tí ó wẹ̀ ẹ́, tí ó fún un lóúnjẹ títí ó fi dàgbà, ṣé ẹ ó ní kì í ṣe ìyá ni? Kò ṣá ní parọ́ pé òun ni òun bí i.”

N kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn kan tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kíláàsì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, oòrùn yọ, a sì gbéra padà sí Ìlọrin. Nígbà tí a dé orí ìta Òrò, ọmọkùnrin náà bi mí pé, “Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Èkó bá bi mí pé ta ni ó ṣe àwọn ère yẹn, kí ni kí n sọ?” Mo ní, “Sọ fún wọn pé a kò tíì mọ̀. Sọ pé wọ́n ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Sọ pé àwọn ará Èsìẹ́ ni ó bá wọn nínú igbó, tí ó sì tọ́jú wọn títí ìwọ fi dé ibẹ̀.” Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí mo bá dàgbà, èmi ni màá mọ̀ ọ́n.” Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí a bá sọ òtítọ́ fún ọmọdé: irọ́ tí mo pa fún un ní ọjọ́ Ẹtì ti ìlẹ̀kùn, “a kò tíì mọ̀” ṣí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀ Ìgbómìnà wá, bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín pé ṣé Yorùbá náà ni yín, ẹ má ṣe parọ́ láti fi dá a lóhùn. Ẹ lọ sí ilé ní àkókò ìsinmi. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ibi tí ahoro ìlú yín wà, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ohùn Ìgbómìnà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pè é, kí ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ lọ sí Èsìẹ́, bí òjò bá sì ká yín mọ́ ibẹ̀, ẹ má ṣe kánjú. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí ó mọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó sì tọ́jú méjèèjì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ọmọ Yorùbá ni òun.